Egungun Kan, Aṣọ Méjì: Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Kékeré àti Àwa Ará Etí Òkun Ìlàjẹ



Nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi pé èmi ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí kàn, gbogbo ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ oyè Ùgbò àti Máhìn ni n óò sọ, nítorí pé orí rẹ̀ ni mo ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé mi. Ìgbà tí mo wí pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo fẹ́ sọ, olórí ẹ̀ka wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará orí omi! Ọ̀nà wo ni ẹ ní tí ẹ óò wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbà?" N kò bá a jiyàn. Ìbéèrè rẹ̀ yẹn gan-an ni ó bí iṣẹ́ tí mo gbé wá sí iwájú yín lónìí.

Irú ọkọ̀ kan wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ayé ti ń ṣe láti nǹkan bí ogójì ọdún ó lé sẹ́yìn. Ọkọ̀ kékeré ni, ó ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, ó sì ní búùtù lẹ́yìn. Bí a bá wo orúkọ rẹ̀ àti ìjókòó rẹ̀, ọkọ̀ ọlọ́lá ni. Bí a bá tú aṣọ lára rẹ̀, ọkọ̀ tí olùkọ́ àti akọ̀wé ń wà lójoojúmọ́ ni. Wọ́n ṣe é fún ẹni tí ó fẹ́ wọ agbo àwọn ọlọ́lá, ṣùgbọ́n tí àpò rẹ̀ kò tí ì jẹ́ kí ó kọjá ẹnu ọ̀nà. Àwọn akọ̀ròyìn wa a máa pe ọkọ̀ olówó gọbọi ní ọkọ̀ bọ̀gìnnì. Èmi yóò máa pe èyí ní bọ̀gìnnì kékeré.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fẹ́ dáhùn. Èkíní: báwo ni ó ṣe di pé egungun kan náà ń wọ aṣọ mẹ̀kúnnù àti aṣọ ọlọ́lá? Èkejì: ọ̀nà wo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ẹ̀kẹta, èyí tí ó kàn mí jù: kí ni ó wúlò fún, fún ẹni tí ọ̀nà kò dé ẹnu ilé rẹ̀?

1. Ọkọ̀ ní ẹnu àwa ará omi

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Kí òyìnbó tó gbé mọ́tò dé, ohun tí Yorùbá ń pè ní ọkọ̀ ni èyí tí a gbẹ́ láti ara igi, tí a ń fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tù lórí omi. Nígbà tí ohun ìrìnnà titun dé sórí ilẹ̀, àwọn ará òkè kò wá orúkọ titun fún un; orúkọ ohun tí ó jẹ́ ti àwa ará omi ni wọ́n mú, wọ́n sì so ìrù mọ́ ọn: ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ òfurufú. Èyí tí ó rọra ń lọ bí ẹni tí ó yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé, wọ́n pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá rí ará Ìlàjẹ tí ó wí pé òun fẹ́ ra ọkọ̀, kí ó má ṣe yára bá a yọ̀ pé ó ti di onímọ́tò. Ó lè jẹ́ pé èyí tí ó ń fi dẹ edé ni ó ti gbó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé egungun kan, aṣọ méjì, kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rí ọkọ̀ ojú omi méjì tí bàbá kan náà gbẹ́, tí gígùn àti ìbú wọn dọ́gba. Ọ̀kan lọ sí ojú ẹja. Èkejì ni wọ́n fi pákó gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sókè, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n ta ìbòrí sí i fún òòrùn, wọ́n sì fi ń gbé ìjòyè lọ sí òde. Kò sí ọmọdé tí ó lè gun èyí láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjì bá dé, àwọn atukọ̀ kì í bèèrè èwo ni ó ní ìbòrí; wọn a bèèrè èwo ni ìdí rẹ̀ dára. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

2. Bí egungun kan ṣe gba aṣọ méjì

Ohun tí ó ń gba owó jù nínú ṣíṣe ọkọ̀ titun kì í ṣe ọ̀dà, kì í sì í ṣe awọ ìjókòó. Èyí tí a kò rí láti òde ni: ilẹ̀ ọkọ̀ tí ohun gbogbo jókòó lé, bí a ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, àyè tí ẹ́ńjìnnì yóò wà, àti àìmọye ìdánwò tí a óò fi mọ̀ pé kò ní pa ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní egungun. Ilé iṣẹ́ tí ó bá ti ná òbítíbitì owó sórí egungun kan kò ní fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò wọ aṣọ. Mo mọ̀ pé etí Yorùbá yóò máa gbọ́ eégún níbi tí mo ti ń wí egungun. Kò burú. Nínú ọ̀ràn méjèèjì, aṣọ ni ará òde ń rí, ìtìjú ni ó sì jẹ́ fún onílé bí aṣọ bá ṣí.

Ní Jámánì, Volkswagen ra ilé iṣẹ́ tí ó ni orúkọ Audi láàárín ọdún 1964 sí 1966. Ní ọdún 1972, Audi gbé ọkọ̀ kan jáde tí wọ́n pè ní 80. Ní ọdún 1973, Volkswagen mú egungun ọkọ̀ yìí kan náà, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó sì pè é ní Passat. Níhìn-ín, ọ̀dọ̀ ọlọ́lá ni egungun ti kọ́kọ́ wà, kí gbogbo ayé tó yá a lò.

Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì ni General Motors ṣe. Wọ́n ní Cadillac, orúkọ tí ó ga jù ní ilé wọn. Wọ́n sì ní Chevrolet Cavalier, ọkọ̀ kékeré fún ẹni tí ń ṣọ́ owó ná. Ní ọdún 1981 wọ́n mú egungun Cavalier, wọ́n fi awọ bo ìjókòó rẹ̀, wọ́n lẹ àmì Cadillac mọ́ ọn, wọ́n pè é ní Cimarron, wọ́n sì dá iye lé e tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti Cavalier. Láti ọdún 1914, Cadillac kò ta ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ sìlíńdà mẹ́rin mọ́; èyí ni ó mú un padà. Ojú àwọn olùrà kò fọ́. Wọ́n mọ ọmọ ẹni tí ó wọ aṣọ ẹni. Ní ọdún 1988 ni wọ́n dá a dúró, orúkọ rẹ̀ sì di ohun tí àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ òwò fi ń ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe títí di òní. Àwọn àgbà wa ti wí i tipẹ́: aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá.

Àwọn ará Jàpáànù ni ó wá mọ ọ̀nà rẹ̀, ìṣèlú ni ó sì tì wọ́n sí i. Ní ọdún 1981, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ń ké pé ọkọ̀ Jàpáànù ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, ìjọba Jàpáànù gbà láti fi ìwọ̀n sí iye ọkọ̀ tí yóò máa lọ sí Amẹ́ríkà: 1,680,000 lọ́dún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ ti mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e. Obìnrin tí wọ́n bá sọ fún ní èbúté pé apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá péré ni ó lè kó sínú ọkọ̀, kì í ṣe sáwá wẹ́wẹ́ ni yóò fi kún un. Ẹja tí ó níye lórí ni yóò dì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Honda dá orúkọ ọlọ́lá sílẹ̀ ní ọdún 1986, ó pè é ní Acura. Ní ọdún 1989, Toyota dá Lexus sílẹ̀, Nissan sì dá Infiniti sílẹ̀. Lexus ES, tí ojú gbogbo wa ti mọ̀ dáadáa ní Èkó àti Ìbàdàn, egungun Camry ni ó gbé wá sí ayé.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá àpèjúwe mi mu jù lọ ni ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Acura 1.6 EL. Ní ọdún 1996 ni Honda bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ìlú Alliston, ní ìpínlẹ̀ Ontario. Kánádà nìkan ni wọ́n ti ń ta á. Amẹ́ríkà tí ó bá a pààlà kò rí i rà. Egungun Honda Civic ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, lítà 1.6, tí agbára rẹ̀ tó ti ẹṣin 127, wà nínú Civic pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n fi kún un ni iwájú àti ẹ̀yìn tí wọ́n tún yà, ohun tí ń gbé ariwo mì, ìjókòó aláwọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ san owó rẹ̀, àti orúkọ. Ní Jàpáànù ẹ̀wẹ̀, wọ́n ta irú ọkọ̀ yìí kan náà ní Honda Domani. Orúkọ mẹ́ta fún ọmọ ìyá kan náà! Síbẹ̀, kò rí ìtìjú tí Cimarron rí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ó tà jù nínú gbogbo Acura ní Kánádà. Wọ́n ṣe ẹ̀dà kejì rẹ̀, 1.7 EL, ní ọdún 2001; CSX gba ipò rẹ̀ títí di ọdún 2011; ILX, tí Amẹ́ríkà náà rí rà, dé ní ọdún 2012, ó sì parí ní ọdún 2022.

Kí ló dé tí ọ̀kan fi tẹ́, tí èkejì fi níyì? Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ kò le. Aṣọ méjèèjì jọra. Egungun ni kò jọra. Nígbà tí aṣọ Acura bá ṣí, Civic ni ènìyàn yóò bá nísàlẹ̀, Civic kì í sì í ṣe ohun tí a ń tijú.

3. Bí ó ṣe kan ilẹ̀ tiwa

Ẹ má jẹ́ kí á rò pé òkèèrè nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ pọ̀ ní Nàìjíríà: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Èkó, ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Àsìkò owó epo ni. Ìgbìmọ̀ Udoji ti jábọ̀ ní ọdún 1974, wọ́n fi owó kún owó oṣù, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò ní kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè ọkọ̀. Peugeot 504 di ọkọ̀ ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, 504 ni a fi ń mọ ẹni tí ìjọba gbé ga ní Àkúrẹ́. Volkswagen ní tirẹ̀ ń to Ìjàpá, ọkọ̀ tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Ó sì ń to ọ̀kan tí wọ́n pè ní Igala. Ohun tí Igala jẹ́ gan-an ni ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Brasília ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, gẹ́gẹ́ bí ti Ìjàpá. Ẹni tí ó ra Igala rò pé òun ti kúrò ní ìdílé Ìjàpá. Mẹkáníìkì nìkan ni ó mọ̀ pé kò jìnnà síbẹ̀.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí kò mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́, mo gba owó yá, mo sì ra Passat. Ní Kérésìmesì ọdún náà, mo wà á dé Igbókòdá, níbi tí ọ̀nà ti parí. Mo fi í sí àgbàlá àna wa kan, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sílé. Nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí i ní abúlé, mo ti ya àwòrán rẹ̀. Mo gbé àwòrán náà fún ìyá mi. Màmá wò ó títí, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé kì í jò?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Láti ìgbà tí mo ti di arúgbó ni mo ti mọ̀ pé n kò tí ì gbọ́ ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ọkọ̀.

Ní ọdún 1986 ni ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí já wálẹ̀. Ọkọ̀ titun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó bọ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ àlòkù láti òkèèrè ti gba ọjà, Yorùbá sì sọ ọ́ ní orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi: Tòkunbọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún orúkọ náà gbọ́: ti òkun bọ̀. Ọkọ̀ tí ó gba ojú òkun wá ni ó wá di èyí tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ onílé òkun.

Nǹkan kan tún wà tí ó ṣe ìpinnu irú tòkunbọ̀ tí yóò dé. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní apá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ Jàpáànù àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọ̀nà wa mu mọ́ bí a kò bá kọ́kọ́ yí ọwọ́ wọn padà. Ti Amẹ́ríkà àti Kánádà ni ó bá a mu. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, nínú orúkọ mẹ́ta tí mo dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Domani kò dé Igbókòdá. EL ni ó dé.

4. EL kan ní Igbókòdá

Abúlé kan láàárín Ayétòrò àti Àwọyè ni wọ́n bí mi sí. Orí òpó ni ilé wa wà, orí afárá pákó ni a sì ń rìn láti ilé dé ilé. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, kò fi iṣẹ́ apẹja sílẹ̀. Ní ọdún 2006, ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé òun ti kó owó jọ, òun sì fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Inú bí mi. Mo kọ̀wé sí i, ìwé tí kò yẹ kí àbúrò kọ sí ẹ̀gbọ́n. Mo ní òpó ilé ti ń jẹrà, mo ní kí ó tún ilé kọ́, mo ní kí ó yé bá ará òkè dù ohun tí kì í ṣe tiwa. Kò dá mi lóhùn. Ó lọ sí Èkó, ó sì ra Acura 1.6 EL.

Ẹni tí ó tà á fún un bu owó lé e nítorí orúkọ. Ó ní kì í ṣe Honda, ó ní ẹgbẹ́ Lexus ni. Ìgbà tí mo dé Igbókòdá, mo wo ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí òpìtàn ti ń wo ìwé àtijọ́. Aago ìwọ̀n eré rẹ̀ ń ka kìlómítà, kì í ṣe máìlì, nítorí náà kì í ṣe Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ rẹ̀: ìpẹtà ti jẹ ibi tí ó bo táyà ẹ̀yìn. Ní Kánádà, ní ìgbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin. Ọkọ̀ tí ó sá fún iyọ̀ ni ó wá bá àwa tí a ń gbé nínú iyọ̀.

Mẹkáníìkì tí ó wà lẹ́bàá èbúté ṣí iwájú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, Civic ni ẹ rà." Mo rò pé ojú yóò ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó kàn wí pé, "Ó dára. Èlò Civic wà ní Òkìtìpupa." Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó san owó orúkọ, láti ìgbà náà lọ, iye Civic ni ó ń ra gbogbo ohun tí ó bá bàjẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́rin, ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ìdí gbá a níwájú. Iná iwájú EL kì í ṣe ti Civic. Wọ́n wá a dé Ládípọ̀ ní Èkó, wọn kò rí i. Ọkùnrin tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe wá ra iwájú Civic odidi, ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti iná, ó gbé wọn sí i, wọ́n sì wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí fìlà ti ń wọ orí onílé. Ọmọ tí ó jáde kúrò ní agbo ilé rẹ̀ ní Ontario tún padà sí agbo ilé ní Igbókòdá. Ìjókòó aláwọ nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ọlá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì ti fi ọ̀rá bò ó nítorí ẹja.

Ẹja ni ọkọ̀ náà ń gbé. Ìyàwó rẹ̀ ń kó ẹja yíyan àti edé gbígbẹ wá láti abúlé nínú ọkọ̀ ojú omi, ìrìn tí ó lé ní wákàtí kan. Òun a gbà á ní èbúté, a gbé e dé Òkìtìpupa tàbí Ọ̀rẹ̀, níbi tí owó rẹ̀ ti ju ti Igbókòdá lọ. Ní òru ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rọbí, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Ọkọ̀ kan gbé e dé èbúté, ọkọ̀ kejì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Ó bí tibi tire. Ní òru yẹn, kò sí ẹni tí ó bèèrè orúkọ ọkọ̀ méjèèjì. Wọ́n bèèrè bí ó bá máa gbà.

Òkun kò sì sinmi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ dó ní ọdún 1947, tí wọ́n ti fi ohun ìní ṣe ti gbogbogbòò, tí iná mànàmáná wà kí ó tó dé ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ yìí, ẹ mọ bí omi ti jẹ ẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ohun tí ó ṣe Ayétòrò kò yọ abúlé wa sílẹ̀. Lọ́dún kan, omi òkun gbé ilé wa lọ. Mo sáré wá sílé. Mo bá ẹ̀gbọ́n mi ní Igbókòdá, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Ibẹ̀ ni ó ti dá ìwé tí mo kọ ní ọdún 2006 lóhùn. Ó ní, "Ọmọ ìyá mi, ilé tí o ní kí n tún kọ́ nígbà náà, orí ilẹ̀ wo ni o ní kí n kọ́ ọ sí?"

N kò rí èsì fọ̀. Èmi tí mo ka ìtàn bí òkun ti ń jẹ etí ilẹ̀ wa, tí mo sì fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, n kò ronú kan ohun tí apẹja ti rò já. Ní ibi tí ilẹ̀ dúró, ilé ni ohun ìní, ọkọ̀ ni fàájì. Ní ibi tí ilẹ̀ ń lọ, ilé gan-an ni ó di ọlá tí ènìyàn lè máà rí gbé. Ohun tí ó bá lè sún kúrò ni ohun ìní. Bàbá ńlá wa mọ èyí, nítorí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń kó ọrọ̀ wọn lé. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò ní àṣà wọn. Èdè ni ó bá a sọ ọ́, nítorí ọkọ̀ náà ni ó rà.

5. Ìkádìí

Ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Mo ti fi hàn pé bọ̀gìnnì kékeré kì í ṣe ẹ̀tàn lásán. Owó egungun tí ó pọ̀ àti ìwọ̀n tí ìjọba méjì fi sí òwò ni ó bí i. Mo ti fi hàn pé bí a ti yí apá ọ̀nà padà ní ọdún 1972 àti bí náírà ti já wálẹ̀ láti ọdún 1986 ni ó la ọ̀nà fún un dé ọ̀dọ̀ wa. Mo sì ti jẹ́wọ́ pé ìdájọ́ tí èmi ọ̀mọ̀wé ṣe lórí rẹ̀ kò tọ̀nà, nítorí pé aṣọ ni mo wò.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sílé kí ó wí pé mo ní kí gbogbo apẹja ra Acura. Owó tí ẹ̀gbọ́n mi san fún orúkọ ṣègbé. Ohun tí ó jẹ́ ti Civic nínú ọkọ̀ náà ni ó gbé ẹja, òun ni ó gbé aboyún. Bí ẹni tí ó tà á bá ti sọ òtítọ́ fún un, ì bá ti fi owó tí ó ṣẹ́kù ra ẹ́ńjìnnì titun fún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òpópónà etí òkun láti Èkó, tí wọ́n ní yóò gba ilẹ̀ Ìlàjẹ kọjá títí dé Kàlàbá. Inú mi yóò dùn bí ó bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà pẹ̀lú ní egungun, ó ní aṣọ. Ọ̀dà dúdú tí a tẹ́ sójú rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó dúró lábẹ́ rẹ̀ ni egungun. Bí wọn kò bá kọ́kọ́ dá òkun dúró ní Ayétòrò àti ní gbogbo etí omi wa, aṣọ ni wọ́n ń rán fún ẹni tí kò ní egungun. Ẹ bá mi bi àwọn tí ó wà ní ìjọba ní ìbéèrè tí ìyá mi bi mí nígbà tí mo gbé àwòrán Passat fún wọn: ṣé kì í jò?